Ilé Tí Mo Dí De Òtútù

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá ìtàn bí òkè òkun ṣe dùn tó lè bá tirẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti kúrò ní Fìdítì. Mo ti rí ohun tó yẹ kí n dúpẹ́ fún, mo sì ń dúpẹ́. Síbẹ̀ inú ń bí mi, nítorí ògiri kan. Ògiri yàrá tí ọmọ mi ń sùn.

Ẹni tí kò bá tọ́mọ nínú òtútù ìlú òyìnbó rí lè máa rò ó pé kí ló wà nínú ọ̀fìnkìn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Fìdítì, tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo ọmọ ló ń ṣe ikun. Ikun á máa ṣàn, ọmọ á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, á sì máa sáré kiri. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹni tó tẹ eérú. Ìyá mi, tó ń ta ọsàn létí títì, á ti ra òrí sílé kí ọyẹ́ tó wọlé. Á wá àkísà, á fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Á ti fèrèsé onípákó pa láti ìrọ̀lẹ́, á ní eruku ọyẹ́ ló ń gbé ikọ́ rìn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó yí ààrò ká, a ó máa yáná, ẹni tó bá sì jí pẹ́ á jókòó síbi tí èéfín ń lọ. Ìta ni òtútù tiwa ti ń wá. Tí o bá ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, o ti ṣẹ́gun rẹ̀ nìyẹn.

Òtútù tí mo mọ̀ nìyẹn nígbà tí mo gbé Àyìnkẹ́ ọmọ mi dé ìlú kékeré kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọkọ mi, ọmọ Ìlọrà, ti ṣáájú wa dé, ó sì ti gba yàrá méjì sórí òkè ilé kan. Ó ń fi ilé náà hàn mí bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ tuntun hàn.

"Wo bí ògiri ṣe funfun," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni."

Mo fọwọ́ kan ògiri yàrá ọmọ. Ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo rò pé bí gbogbo ògiri òyìnbó ṣe ń rí nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe òtútù. Òkùnkùn ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Lẹ́yìn òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́. Ní Fìdítì, o ò lè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnì kan má kígbe láti ilé kejì pé, "Ìyá Àyìnkẹ́, ṣé kò sí o? Pẹ̀lẹ́ o!" Níbí, ọmọ mi wúkọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun kan ṣoṣo tí ará ìsàlẹ̀ ilé ṣe ni pé ó fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ kí a lè panu mọ́. Kí ló fẹ́ kí ikọ́ ṣe? Kí ó máa wú jẹ́jẹ́?

Ṣùgbọ́n mo ti sá síwájú ìtàn.

Oṣù kẹwàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ilé mọ́ de òtútù. Mo ṣe é dáadáa. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo ṣe é dáadáa. Mo ká àkísà, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ki nọ́lọ̀n sí gbogbo etí fèrèsé. Ihò kékeré kan wà lókè ògiri yàrá ọmọ, wọ́n fi ike funfun bò ó bí asẹ́, atẹ́gùn tútù sì ń gbabẹ̀ wọlé. Mo bú ẹni tó kọ́ ilé náà. Irú birikilà wo ló máa kọ́lé tán tí á gbàgbé ihò sára ògiri? Mo gé páálí, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pinpin. Aṣọ tí mo bá fọ̀, orí irin tó ń mú ilé gbóná ni mo ń sá a sí. Ní ìrọ̀lẹ́, màá se ewé efinrin gbígbẹ tí ìyá mi dì fún mi, màá gbé ìkòkò náà sí yàrá, kí ooru rẹ̀ lè máa la imú ọmọ.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù onífídíò, mo ń gbé e káàkiri ilé.

"Fi abẹ́ ilẹ̀kùn hàn mí," ó ní.

Mo fi hàn án.

"Ó dáa. Fèrèsé ńkọ́?"

"Mo ti dí i, Màámi."

"Atẹ́gùn ò lè wọlé?"

"Kódà èèrà ò lè wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Káre, ọmọ mi! O ò gbàgbé ilé."

Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀ nínú kíṣìnnì.

Kò pé oṣù kan tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Tí mo bá jí, omi á ti dúró sára rẹ̀ bí òógùn sára ẹni tó gbé ẹrù. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì dúdú tótòtó, bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Mo fi ọṣẹ nù ún. Ó lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún dé, ó sì ti pe ẹbí wá. Mo kọ létà sí ejẹ́ǹtì tó ń bójú tó ilé náà fún onílé. Ó fèsì pé wọ́n ti rí létà mi.

Ọ̀fìnkìn Àyìnkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, kò sì lọ mọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi á pè mí pé kí n wá gbé e. Iṣẹ́ mi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Iṣẹ́ yẹn ò tì mí lójú; èmi ni mo wẹ ìyá bàbá mi títí ó fi kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí arúgbó kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, wọ́n á pe nọ́ọ̀sì, wọ́n á wo bí yàrá rẹ̀ ṣe gbóná sí, wọ́n á ní kí èmi kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi tí mò ń kọ ọ́, inú ògiri tó ń làágùn ni mo fi ọmọ tèmi sí.

"Ọmọ rẹ tún ń ṣàìsàn?" Máníjà bi mí ní ìgbà karùn-ún tí mo tọrọ àyè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé tìrẹ ló ń ṣàìsàn ṣáá?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo gbé e mì. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo gbé mì lọ́dún yẹn. Kò sí èyí tó dà nínú wọn.

Nínú oṣù kìn-ín-ní, ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo bọ́ aṣọ Àyìnkẹ́ kí n lè fi òrí pa á láyà. Mo rí i pé egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ ń jìn sínú bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn fà á látinú. Kò sunkún. Ọmọ tí kì í dákẹ́, kò sunkún. Mi ò dúró gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ. A gbé e dé ọsibítù.

Wọ́n fi ike oníhò bo ẹnu òun imú rẹ̀, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti dí pátápátá. Nọ́ọ̀sì ní òun ń lọ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ikun. Ó lọ, kò dé. Ọmọ mi ń la ẹnu bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀. Mo ṣe ohun tí ìyá mi ṣe fún mi, tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe fún un. Mo fi ẹnu bo imú ọmọ mi, mo fà á, mo tu ikun náà sínú pépà. Mo tún fà á. Ó mí.

Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì wọlé.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń la imú ọmọ mi."

"Rárá o! A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọmọ yẹn á ràn yín."

"Ó ti gbé inú mi fún oṣù mẹ́sàn-án," mo ní. "Kí ló kù tí kò tíì ràn mí? Ẹ̀rọ dà?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Kí n má purọ́, òótọ́ ló sọ: ọjọ́ kẹta, èmi náà ti dùbúlẹ̀, ibà mú mi débi pé mi ò lè gbé orí, wọn ò sì jẹ́ kí n wọ ibi tí ọmọ wà. Bàbá rẹ̀ ló ń dúró tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ mí nígbà tí mo fà á. Ohun méjèèjì jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, pè mí jókòó ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀. Ó ní kí n fi ibi tí ọmọ ń sùn han òun. Fídíò yàrá náà tí mo yà ránṣẹ́ sí ìyá mi lẹ́yìn tí mo pè é wà nínú fóònù mi. Mo fi hàn án.

"Ihò tó wà lókè yìí, ta ló dí i?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Kí òtútù má baà wọlé."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Mo máa ń rántí ìyẹn fún un. Ó ní, "Èémí yín, aṣọ tútù, omi tí ẹ̀ ń sè, gbogbo rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde. Tí kò bá rí ọ̀nà, ara ògiri ló ń lọ. Ohun dúdú yẹn ni ọmọ ń mí símú. Tí ọ̀fìnkìn bá wá bá àyà tó ti rí bẹ́ẹ̀, kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè le ju báyìí lọ."

Mo délé, mo gun àga, mo já páálí náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún.

Mo pe ìyá mi.

"Wọ́n ní kí n máa ṣí fèrèsé, Màámi."

"Nínú òtútù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni."

"Dókítà yẹn bímọ?"

"Màámi, mi ò bi í."

"Ó yẹ kí o bi í. Ẹni tó bímọ ò lè ní kí wọ́n ṣí fèrèsé sí ọmọ aláìsàn. Ìwọ ọmọ yìí, má pa Àyìnkẹ́ fún mi o. Tí apá yín ò bá ká a, ẹ gbé e padà wá. Oòrùn wà níbí."

Mo pa fóònù mọ́ ìyá mi létí. Mi ò ṣe é rí láyé mi. Ṣé kí n sọ fún un pé ohun tó kọ́ mi, tí mo ṣe bí ó ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́, òun ló gbé ọmọ dé ọsibítù? Mi ò lè sọ ọ́. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹni tó bá kúrò nílé máa ń rò pé ẹrù nìkan ni òun dì. Kò mọ̀ pé òun di ìmọ̀ pẹ̀lú, àti pé ìmọ̀ tó ń gbani là ní ibì kan lè ṣeni léṣe ní ibòmíràn. Kò sì sẹ́ni tó máa dúró ní pápákọ̀ òfuurufú láti tú u wò, kí ó sọ fún ọ pé, "Èyí wúlò níbí, èyí kò wúlò, da èyí nù." Ara ọmọ rẹ ni wọ́n á ti fi hàn ọ́.

Ejẹ́ǹtì wá nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ bàtà onímú ṣóńṣó. Kò wo Àyìnkẹ́. Ó wo ògiri, ó wo òkè, ó rí ojú sẹlotéèpù tó ṣẹ́kù yí ihò náà ká. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ dí ihò atẹ́gùn."

"Mo dí i. Mo ti ṣí i."

"Ẹ sì ń sá aṣọ sínú ilé. Ẹ̀yin lẹ fà á, mà. Bí ẹ ṣe ń gbé ilé ni." Ó wo ìkòkò mi. "Àti àwọn ohun tí ẹ máa ń sè."

Àwọn ohun tí ẹ máa ń sè! Ṣé àwọn tiwọn kì í se omi ni?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi pépà kan ránṣẹ́. Wọ́n á fọ ògiri náà, wọ́n á sì tún un kùn, tí a bá lè fọwọ́ sí i pé ìṣesí wa nínú ilé ló mú un bu, àti pé a ò ní da onílé láàmú mọ́ lórí rẹ̀. Mi ò lọ yunifásítì. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ní Fìdítì, lọ́wọ́ tíṣà tó máa ń ní kí a ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dáhùn ìbéèrè. Mo ka pépà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e sórí fìríìjì.

"Fọwọ́ sí i, jọ̀ọ́," ọkọ mi ní. "Kí ló wà nínú pépà? Kí wọ́n ṣáà wá kùn ún."

"Kí wọ́n kùn ún bí wọ́n ṣe kùn ún kí a tó dé?"

"Ìyá Àyìnkẹ́, ìjà wo lo fẹ́ bá wọn jà? Àwọn ló nilé."

"Àyà ọmọ mi ńkọ́? Àwọn náà ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ará Fìdítì yìí, orí yín ti le jù."

"Ẹ̀yin ará Ìlọrà lẹ rọ̀ bí iṣu jíjinná. Ẹnikẹ́ni ló lè gún yín."

Ó rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí wọ́n bá lé wa ńkọ́?" Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ògiri gbẹ, Àyìnkẹ́ sanra, gbogbo èèyàn gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn, "lọ́dún tó ń bọ̀", jókòó sí mi láyà bí òkúta. Lójoojúmọ́ ni mò ń ṣí fèrèsé, mi ò sá aṣọ sí yàrá mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀dà ògiri náà bó sókè lábẹ́ ọwọ́ mi bí awọ ojú egbò. Mo fi ṣíbí họ ọ́. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, dúdú. Lábẹ́ dúdú, ọ̀dà mìíràn, aláwọ̀ ewé. Lábẹ́ ìyẹn, dúdú. Dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìlú yìí wà láyé. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbé Àyìnkẹ́ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bojú wẹ̀yìn, mo wo ilé wa láti òdìkejì títì. Mo dúró sínú òjò. Gọ́tà etí òrùlé ti là. Omi ń jáde lára rẹ̀, kò já bọ́ sílẹ̀, ara ògiri ló ń gbà sọ̀kalẹ̀, tààrà sí ẹ̀yìn yàrá ọmọ mi.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀!

Ẹ wò ó, èmi tí wọ́n bí sínú ilé alámọ̀! Bàbá mi, kí ó tó kú, ó ní ilé amọ̀ kan lóko lọ́nà Akínmọ̀ọ́rìn, ọdọọdún ló ń gun òrùlé rẹ̀. Ó máa ń sọ pé òjò kì í wó ilé amọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń wó o: omi díẹ̀ tó ń já láti etí òrùlé sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Ọmọ kékeré ní agbègbè Afijió wa mọ̀ pé tí ògiri bá rin, òkè ni kí o kọ́kọ́ wò. Èmi ò wòkè. Kí ló dé tí mi ò wòkè? Nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé èmi ni, mo sì gbà pé èmi ni, torí pé páálí náà wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Apá kan òótọ́ ni wọ́n fà yọ, wọ́n sì fi bo ìyókù.

Mo jẹ̀bi páálí. Mi ò jẹ̀bi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Mo jókòó, mo kọ létà sí kánsù ìlú náà. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí àkọ́kọ́ kún fún èébú, mo fà á ya. Nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́, mo jẹ́wọ́ páálí, mo jẹ́wọ́ aṣọ tí mo sá, mo wá kọ nípa gọ́tà, mo fi fọ́tò tí mo yà nínú òjò sí i, àti ti ọ̀dà tí mo họ, àti ìwé ọsibítù. Ní ìparí, mo kọ pé: ọmọ mi á pé ọmọ ọdún mẹ́ta láìpẹ́, òtútù ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi kẹ́dùn.

Obìnrin kan wá láti kánsù, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń tì mọ́ ògiri láti mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ó tì í, ẹ̀rọ ké. Ó tì í sí òkè, ẹ̀rọ ké jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde síta, ó gbójú sókè, ó pòṣé. Nígbà tí mo gbọ́ òṣé yẹn, ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó pòṣé bí ará ilé wa.

Kánsù pàṣẹ fún onílé; kí oṣù kẹwàá tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ti pààrọ̀ gọ́tà, wọ́n ha ògiri dé ibi bíríkì, wọ́n tún un rẹ́, wọ́n sì fi fáànù kékeré sí ilé ìwẹ̀ tó ń fa ooru jáde. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Mo dúró dè é, mi ò rí i.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ilé mọ́ de òtútù, pẹ̀lú ọgbọ́n mìíràn. Láràárọ̀, tí Àyìnkẹ́ bá ti jáde, màá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu títí màá fi gbálẹ̀ tán. Ilé ìwẹ̀ ni aṣọ ń gbẹ, ilẹ̀kùn á wà ní títì, fáànù á máa ṣiṣẹ́. Ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹni tó bá wọlé, ọkọ mi ni o, èmi ni o, ọwọ́ ni á kọ́kọ́ fọ̀, aṣọ iṣẹ́ ni á sì kọ́kọ́ bọ́, kó tó gbé ọmọ. Mo kọ́ Àyìnkẹ́ kí ó máa sín sínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà, mo béèrè lọ́wọ́ dókítà irú àmì tí màá rí tí màá fi gbé e wá kíákíá. A fọwọ́ sí oògùn àjẹsára fúlù, ọ̀fìnkìn tó le, èyí tí wọ́n ń fín sí ọmọdé nímú.

"Nímú?" Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde látinú fóònù. "Wọ́n ń fín nǹkan sí ọmọ mi nímú bí ẹni ń fín ẹ̀fọn?"

"Kì í dunni, Màámi. Ó ní ó rìn òun ní ìdí imú, ó rẹ́rìn-ín."

"Hmm. Òrí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fòfin de òrí náà?"

"Mo ń fi pa á láyà àti lẹ́yìn. Inú imú nìkan ni wọ́n ní kí n má fi sí."

Ó wá ní, "Ilé alámọ̀ bàbá rẹ tí ò ń sọ lọ́jọ́sí, èmi ni mo máa ń di àkàbà mú fún un. Mi ò rò ó pé òkè òkun náà ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀." Ó ní, "Máa ṣí fèrèsé rẹ, jàre. Ṣùgbọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un."

Ọ̀fìnkìn dé, dájúdájú ó dé. Kò sí ilé tí a lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí ọ̀fìnkìn ò ní mọ̀nà ibẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ń bá ọmọ ṣeré. Ọjọ́rú kan ni Àyìnkẹ́ padà dé pẹ̀lú imú pípọ́n. Ara rẹ̀ gbóná. Mo fún un lómi, mo fún un ní oògùn ibà, mo gbé etí lé e láyà, mo ń ka èémí rẹ̀. Mo tún gbé etí lé e. Ọkọ mi ní, "Jẹ́ kí ọmọ sinmi, àyà kì í ṣe rédíò." Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, egungun ìhà ò wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sọ̀kalẹ̀ látorí ibùsùn fúnra rẹ̀, ikun ń kán sí i létè, ó ní òun fẹ́ jẹ dòdò.

Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú kí ọmọ ní òun fẹ́ jẹ dòdò.

Mò ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ejẹ́ǹtì ni, oníbàtà ṣóńṣó, pẹ̀lú pépà mìíràn. Ó ní òun fẹ́ wọlé ya fọ́tò ògiri tuntun, kí n sì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, imú rẹ̀ pọ́n. Ó sín sínú àtẹ́lẹwọ́, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ọwọ́ náà síwájú láti ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró síbẹ̀," mo ní.

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni, mà."

"Ara yín ò yá. Ọmọ wà nínú ilé yìí. Ẹ lọ sinmi, ẹ mu ohun gbígbóná. Tí ara yín bá yá, ẹ kọ létà sí mi, màá sọ ọjọ́ tí mo bá ráyè."

"Ṣùgbọ́n mo ti dé báyìí…"

"Mo rí i pé ẹ ti dé. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó tì í bọ àpò, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.